Ilé Ni fún Ẹ̀yin Òbí, Àjò Ni fún Àwa Ọmọ

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń wá sí iléèwé Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé, ìsinmi gígùn ti ń sún mọ́lé, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń múra àtilọ sí Nàìjíríà. Ní ilé púpọ̀, àpótí ti wà nílẹ̀ ní pálọ̀. Bàtà wà níbẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n dádì, fóònù wà níbẹ̀ fún àbúrò mọ́mì, ṣokoléètì wà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n ti gbé àpótí sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta kó má bàa ju kílò 23 lọ. Gbogbo nǹkan ló ti wà nílẹ̀, àfi ẹyọ kan: kò tíì sẹ́ni tó pe àwa ọmọ jókòó pé, "Ẹ wá gbọ́ o, báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé níbi tá à ń lọ."

Èrò tèmi rèé, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ilé lẹ̀yin òbí ń lọ, àmọ́ àjò làwa ń lọ. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́, kẹ́ ẹ sì múra wa sílẹ̀ bí ẹni tó ń re àjò.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwọn òbí kan. Wọ́n á ní, "Ṣé àlejò lẹ wá dà nílé bàbá yín ni?" Rárá o. Ilé bàbá wa ni, a ò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham tàbí Manchester, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti dé Ìbàdàn láyé ẹ̀, ojú àlejò ló máa fi wo ìlú náà, bó ti wù kí oríkì ẹ̀ gùn tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìgbà tẹ́yin náà kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnì kan ló pàdé yín ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹni yẹn ló ní kẹ́ ẹ ra kóòtù tó nípọn. Òun ló fi bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ hàn yín, tó ní kẹ́ ẹ máa dúró sápá ọ̀tún lórí àtẹ̀gùn tó ń gbé èèyàn rìn, káwọn tó ń kánjú lè ráyè kọjá. Kò bú yín pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé àjò lẹ wá ni. Ohun tá à ń bẹ̀ yín fún nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó lè gba ẹ̀mí, ìyẹn ibà. Àwọn òbí kan máa ń sọ pé, "Ibà wo? Ẹ̀fọn jẹ wá dàgbà ni, kò sì pa wá." Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun táwọn dókítà sọ. Ara ẹni tó ń gbé níbi tí ibà wà máa ń kọ́ bó ṣe máa bá ibà jà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni náà bá kúrò níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, agbára yẹn á máa dín kù. Àwa tí wọ́n bí síbí ò tiẹ̀ ní in rárá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú àwọn tó ń gbé ibà wọ Bírítéènì, àwọn tó lọ kí ẹbí wọn nílẹ̀ Áfíríkà ló máa ń pọ̀ jù. Òyìnbó tó ń lọ gbafẹ́ mọ̀ pé àjò lòun ń lọ, ó sì béèrè oògùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ilé là ń lọ, a ò béèrè nǹkan kan.

Oògùn tó ń dènà ibà pọ̀ lóríṣiríṣi. Dókítà tàbí ẹni tó ń ta oògùn ló máa sọ èyí tó bá ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ọmọ mu. Ẹ gba ibẹ̀ lọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò, ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọjọ́ méjì. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Malarone. A máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọjọ́ kan tàbí méjì ká tó débẹ̀, a máa lò ó lójoojúmọ́ tá a bá wà níbẹ̀, a ó sì tún lò ó fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tá a bá kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ 7 ìkẹyìn yìí làwọn èèyàn máa ń fò. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ̀fọn tún wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni?" Ẹ̀fọn kọ́ loògùn yẹn ń bá jà mọ́, kòkòrò ibà tó ti wọ inú ara lọ sápamọ́ ló ń pa.

Oògùn nìkan ò tó o. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà máa ń jẹni láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Torí náà, aṣọ alápá gígùn lálẹ́, ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, àti nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn ẹ̀fọn, gbogbo ẹ̀ ló yẹ ká kó dání. Bí ara ọmọ bá sì gbóná lẹ́yìn tá a padà dé, kódà kó tó oṣù mélòó kan, kó máa súnmọ́ ọdún kan pàápàá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ ni pé, "Nàìjíríà la lọ." Tẹ́ ò bá sọ ọ́, wọ́n lè rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni.

Mo mọ̀ pé owó wà ńbẹ̀. Ní England, owó àpò ẹni la fi ń ra oògùn ibà fún ìrìn àjò, ìjọba kì í san án. Owó kékeré kọ́ fún ilé ọlọ́mọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tá a bá lè rówó ra aṣọ ẹbí fún gbogbo ilé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ owó oògùn sọ́tọ̀. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí wọ́n máa ń fún wa ní yẹ́lò káàdì fún. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọdún 2016 ni wọ́n sì ti sọ pé títí ayé ni, a ò ní í tún un gbà mọ́. Ẹ ṣáà má fi pamọ́ síbi tẹ́yin fúnra yín ò ti ní rí i.

Ohun kejì ò ná yín ní kọ́bọ̀. Títì ni. Ní Bírítéènì, apá òsì lọkọ̀ ń gbà. Nàìjíríà náà ń gba òsì tẹ́lẹ̀, àfìgbà tó di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí wọ́n yí i sí ọ̀tún. Ẹ wá wo ohun tí èyí máa ṣe fún ọmọ tó fẹ́ sọdá títì. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa níléèwé níbí pé ká kọ́kọ́ wo ọ̀tún. Ní Èkó, òsì lọkọ̀ tó sún mọ́ ẹ jù ti ń bọ̀. Ọmọ tó bá wo ọ̀tún, tó rí i pé kò sí nǹkan kan, tó wá gbẹ́sẹ̀, ọkọ̀ lè ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kó tó yíjú. Àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Marwa kan tún wà tó jẹ́ pé ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbà. Torí náà: kọ́kọ́ wo òsì, wo ọ̀tún, tún wo òsì, kó o sì di ọwọ́ àgbà mú. Ìṣẹ́jú kan lọ̀rọ̀ yìí ń gbà láti sọ.

Ẹ̀kẹta ni àwọn nǹkan kéékèèké tó máa ń dájà sílẹ̀ láàárín àwa àtẹ̀yin. Ojú iná wọn rí bíi tibí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, torí náà ṣájà wa máa wọ ibẹ̀. Àwọn ìbátan wa tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà ló yẹ kó ṣọ́ra. Nǹkan tí wọ́n ṣe fún iná fóòtì 120 nìkan máa jóná tí wọ́n bá kì í bọ ti Nàìjíríà, tó jẹ́ nǹkan bí 230. Ṣùgbọ́n ojú iná lọ̀tọ̀, iná lọ̀tọ̀. Wọ́n lè mú un lọ nígbàkígbà. Ẹ sọ fún wa ṣáájú, ẹ jẹ́ ká mú tọ́ọ̀ṣì àti páwà báǹkì dání, ká má bàa máa pòṣé níwájú màmá àgbà bí ẹni pé àwọn ló paná.

Omi ńkọ́? Kì í ṣe omi ẹ̀rọ, omi inú ike tàbí píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára la máa mu, òun náà la ó fi fọ eyín. Ìdí yìnyín inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà ló yẹ ká béèrè ibi tí wọ́n ti rí omi ẹ̀.

Nídìí ọjà, níbí, iye tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ nǹkan la ń san. Ní ọjà Bódìjà tàbí Oyíngbo, iye tí ìyá ọlọ́jà kọ́kọ́ dá, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ kọ́ wa ká mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni jálẹ̀?" ká sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ máa rí i pé ọmọ tó bá ná ọjà lẹ́ẹ̀kan péré máa sọ Yorùbá lọ́jọ́ yẹn ju ti oṣù kan ní kíláàsì lọ.

Ìwà náà wà níbẹ̀. Ní iléèwé wa níbí, tí olùkọ́ bá ń bá wa wí, á ní ká wo ojú òun. Nílé Yorùbá, ọmọ tó tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí, aláfojúdi ni wọ́n máa pè é. Ọmọ kan náà ni, ojú kan náà ni, ìlú ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ká má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, ká má pe ẹni tó jù wá lọ lórúkọ láìfi bọ̀dá tàbí àǹtí sí i. Tẹ́ ò bá ṣàlàyé, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á bú wa, wọ́n á sì bú yín mọ́ wa pé ẹ ò kọ́ wa.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún wà. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó dé ọ̀hún, ẹ bá wa sọ fáwọn ẹbí pé kí wọ́n má fi Yorùbá wa ṣe yẹ̀yẹ́. A mọ̀ pé ohùn wa ń yọ̀ lẹ́nu. Ọmọ tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí lẹ́ẹ̀mẹta máa gbẹ́nu dákẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa sọ títí tó fi máa wọ ọkọ̀ òfurufú padà. Gbogbo Sátidé tá a fi wá síbí á wá dà bí òfò. Kí wọ́n tún un sọ fún wa dáadáa, ká sì pè é tẹ̀lé wọn. Ìyẹn ti tó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má rò pé àwọn òbí nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ béèrè. Ẹ gba àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù ẹni tẹ́ ẹ máa dé sọ́dọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, torí fóònù lè kú. Ẹ béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí ilé náà, òun làwọn èèyàn máa fi júwe ọ̀nà. Ẹ mọ 112 sórí, nọ́ńbà pàjáwìrì ni. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ dín "ní Lọ́ńdọ̀nù, a kì í ṣe báyìí" kù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn àlejò tó ń fi ilé onílé wé ilé ẹ̀.

Àbá mi ò le. Ní oṣù méjì kí ẹ tó lọ, ẹ mú alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ pe gbogbo ilé jókòó. Ẹ yẹ ìwé ìrìnnà wò, torí ti Bírítéènì tọ́mọ tí ò tíì pé ọdún 16 ń lò, ọdún 5 péré ni, kì í ṣe 10 bíi ti àgbà. Ẹ rántí pé ọmọ tí ò ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà máa gba físà. Ẹ ṣètò oògùn. Ẹ mú fọ́tò ẹbí jáde, kẹ́ ẹ sọ fún wa pé lágbájá nìyí, báyìí la ṣe ń kí i. Ẹ jẹ́ ká béèrè ìbéèrè tó bá wù wá, kódà èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tẹ́ ẹ bá mú wa lọ lónìí bí àlejò tẹ́ ẹ kọ́ dáadáa, a ò ní í bẹ̀rù láti tún padà lọ. Ọjọ́ ń bọ̀ táwa náà máa mú àwọn ọmọ tiwa débẹ̀, tá a ó sọ fún wọn pé ilé là ń lọ, tó sì máa jẹ́ òótọ́ lẹ́nu wa. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire o.