Ẹkún Nìkan Kọ́ Ni Àmì Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera Mowe, Ibafo àti Ifo,

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Mo wà ní ilé ìwòsàn kan lágbègbè wa nígbà tí awakọ̀ dánfó kan wọlé. Mowe sí Berger ló ń ná. Oorun ti dá lójú rẹ̀, àyà ń jó o, nǹkan ń rìn ín lórí, bẹ́ẹ̀ ni kò gba gbẹ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nílé mọ́. Wọ́n bi í pé, “Ṣé ẹ máa ń sunkún?” Ó ní rárá. Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n kọ oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù fún un. Bó ṣe jáde, ẹnì kan ní, “Paraga ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.” Wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń mú obìnrin tó ìlọ́po méjì ọkùnrin. Ṣùgbọ́n lágbàáyé, àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ̀mí ara wọn ju ìlọ́po méjì obìnrin lọ. Ta ló ń rí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kí wọ́n tó dé ibẹ̀?

Ní 1983 àti 1984, wọ́n kọ́ àwọn dókítà erékùṣù Gotland ní Sweden bí a ṣe ń dá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mọ̀. Àwọn obìnrin tó ń pa ara wọn dín kù gan-an. Ti ọkùnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Wolfgang Rutz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí i pé ọkùnrin tí ìdààmú ti wọ̀ lára máa ń kanra, á máa mutí, á máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, kì í sì í sábà wá sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n wá ṣe ìwé ìbéèrè mìíràn fún ọkùnrin. Paraga tí ẹ fi awakọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè jẹ́ àmì àìsàn!

Nínú ara pàápàá, ọ̀nà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń gbà mú ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Ní 2017, Benoit Labonté àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ àwọn olóògbé tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò. Àyípadà tí wọ́n rí nínú iṣẹ́ àwọn jíìnì ọkùnrin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti obìnrin mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n bá a lára eku tí wọ́n kó wàhálà bá lemọ́lemọ́.

Obìnrin ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹkún wò, kí lẹ ń ṣe fún un? Ìyá tó kúrò ní Ibafo láàjìn lọ ra tòmátì ní Mile 12, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá dúró lójú títì márosẹ̀, tó délé tó tún dáná, ẹ ní kó lọ sinmi. Níbo ni kó ti sinmi? Ẹ tún ní nǹkan oṣù ni. George Brown àti Tirril Harris ti kọ ọ́ láti 1978, lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Camberwell, London: ìnira tètè ń di ìrẹ̀wẹ̀sì fún obìnrin tó ń tọ́ ọmọ kéékèèké púpọ̀, tí kò ní ẹni tó lè finú hàn. Ta ni ìyá yìí ń finú hàn? Mi ò tíì rí ìwé ìbéèrè kan níbí tó béèrè bẹ́ẹ̀.

Mo gbà pé ẹ ò pọ̀ tó, èrò ń pọ̀, owó oṣù yín ò sì tó nǹkan. Mo tilẹ̀ gbà pé ẹni tó bi awakọ̀ yẹn ní ìbéèrè kan ṣoṣo sàn ju àwọn tí kì í béèrè rárá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó mọ ẹkún nìkan ń lé ọkùnrin padà sí gáréèjì.

Ẹ bi ọkùnrin nípa ìbínú, ọtí, gbèsè àti oorun. Ẹ bi obìnrin nípa ẹni tó ń bá a gbé ẹrù ilé. Abẹ́òkúta ni Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, wà. Ẹni tó bá ju agbára yín lọ, ẹ tètè fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ìbéèrè fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Ifo, ẹ fi ti ọkùnrin sí i kí ẹ tó tẹ òmíràn.