Tíátà Igánmu Ti Ṣí, Ta Ni Yóò Gun Orí Ìtàgé?

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí wọ́n ti tún ilé tíátà Igánmu ṣí l'Ékòó, ilé tí wọ́n fi sọ orí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká lọ́dún 2024, oríyìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn ilé ìfowópamọ́ tó gbé owó àtúnṣe kalẹ̀. Oríyìn náà tọ́ sí wọn. Ilé tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1976 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwókù.

Ṣùgbọ́n ilé kọ́ ni eré. Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé lọ́dún 1944, tí ìjọ Aládùúrà kan ní kó gbé eré kalẹ̀ láti fi kówó jọ. Ní Òṣogbo, Mbárí Mbáyọ̀ tí Dúró Ládípọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1962 ni iṣẹ́ rẹ̀ ti gbilẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi bá a dé Berlin.

Irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣù fún, ṣì ń dánrawò kiri ọgbà ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Owó gbọ̀ngàn ló ń pa wọ́n, àti epo jẹnẹrétọ̀ tó gbówó lórí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023. Àwọn tíátà tí ìjọba Èkó kọ́ sí Ìgàndò, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì ló sún mọ́ wọn jù. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún wọn, ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó ń ṣègbéyàwó, kí wọ́n sì gba ìdá díẹ̀ nínú owó ìwọlé dípò owó gbọ̀ngàn, kí ni ìjọba yóò pàdánù?