Eré Àsápajúdé Ò Yẹ Kọ̀ǹpútà Tó Ń Tẹ Ìwé Ilẹ̀

Lẹ́tà kan wọlé lọ́sẹ̀ yìí tí mo yọ kúrò láàrin àwọn tó ń lọ sójú ewé lẹ́tà, torí èsì ẹ̀ kọjá ìlà mẹ́rin márùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lójú títì tó ti Ìlobùú lọ sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, níbi tí àlejò kì í ti í tètè mọ̀ pé òun ti jáde nínú ìlú kan bọ́ sínú èkejì. Ó ń tẹ iṣẹ́ fáwọn ọmọ iléèwé, ó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, ó ń gé fídíò òde, ó sì ń tẹ ìwé àdéhùn fáwọn tó ń ra ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n bá a tò pọ̀ l'Óṣogbo ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. RAM GB 8 kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ti wá ń wọ́ bí ìgbín.

Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní kó má wulẹ̀ náwó. Ó ní òun á wọ inú BIOS, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kà kó tó jí, òun á sì ti RAM tó wà ń'bẹ̀ láti 3200 dé 3800. Overclock ni wọ́n ń pe àrà yìí. Àbúrò mi wá ní, ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é?

Mi ò bá ọmọ náà wí. RAM ti gbówó lórí. Àwọn tó ń kọ́ ilé kọ̀ǹpútà ràgàjì-ràgàjì fún iṣẹ́ AI ló ń kó o lọ níye tó pọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Micron, ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó tóbi jù nídìí iṣẹ́ yìí lágbàáyé, kéde pé àwọn á ṣíwọ́ títa RAM Crucial fún èèyàn lásán bíi tiwa. Níbi tí erin ti ń mumi, kí ló fẹ́ kù fún ẹtu? Ó yé mi tí ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ bá fẹ́ fún ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ títí tí omi á fi jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún. Dísìkì inú kọ̀ǹpútà ni àká. RAM ni àtẹ tí ọlọ́jà ń pa ọjà lé níwájú ara ẹ̀. Ohun tí o bá ń ṣe lọ́wọ́, orí àtẹ ló wà. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí o ò tíì tọ́jú fi ń pòórá bí wọ́n bá mú iná lọ. Robert Dennard, ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní IBM, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ìrántí yìí lọ́dún 1968. Ọgbọ́n tó dá ni pé kí wọ́n máa fi iná bíńtín pa mọ́ sínú kòtò tíntìntín: bí iná bá wà nínú kòtò, oókan nìyẹn, bí kò bá sí, òdo. Kinní kan ló bà á jẹ́. Kòtò náà ń jò bí ìkòkò tó lu. Kí ohun inú ẹ̀ má baà gbẹ, ẹ̀rọ ní láti yí gbogbo wọn ká, kó sì bu kún wọn, láàrin ìdá 64 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú RAM GB 8, kòtò ọ̀hún lé ní bílíọ̀nù 68. Bí ara RAM bá gbóná kọjá 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdajì àkókò yẹn ló kù láti fi bu kún wọn, torí ooru máa ń mú kí wọ́n jò sí i.

Irú ìkòkò báyìí ni wọ́n fẹ́ lé ní eré.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ XMP o. Intel ló gbé XMP jáde lọ́dún 2007. Ẹni tó ṣe RAM fúnra ẹ̀ ló ti kọ eré tó dán wò sínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ DDR4 àwọn onígéèmù tí wọ́n kọ 3200 sí lára, 2133 tàbí 2400 ló máa ń jí sí, pẹ̀lú iná 1.2 volt, àfi téèyàn bá tan XMP kó tó bọ́ sí 3200 pẹ̀lú 1.35 volt. Àwọn kan ti sanwó eré tí wọn ò sá rí, torí kò sẹ́ni tó tan án fún wọn. Tìrẹ ti wà ní 3200, àbúrò mi, o ti gba owó ẹ. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi kún un, kò sẹ́ni tó dúró fún un.

Nọ́ńbà ńlá sì máa ń tanni jẹ. Ó níye ìlù tí RAM máa ń kà kó tó dáhùn, òun ni wọ́n ń pè ní CL. RAM 3200 tó ní CL 16 àti RAM 3600 tó ní CL 18, ẹ ṣírò ẹ̀ wò: àwọn méjèèjì ń lo ìdá 10 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá kí wọ́n tó fèsì. Èkejì lè kó ẹrù púpọ̀ sí i láàrin àkókò kan náà, òótọ́ ni, àmọ́ kò tètè dáhùn jù ú lọ. Lẹ́tà tí o ń tẹ ò sì mọ 3200 yàtọ̀ sí 3800 rárá.

Bí wọ́n bá tì í jù tí kọ̀ǹpútà kọ̀ tí ò jí, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Wọ́n á yọ bátìrì pẹlẹbẹ inú ẹ̀, á gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, á padà sípò. Èyí tó jí, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń parọ́, òun ló bà mí lẹ́rù.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ 0 tí à ń tẹ̀ nìyí: 00110000. Bó ṣe ń kọ 8 nìyí: 00111000. Ẹ tún un wò. Kòtò kan péré ló yàtọ̀. Pọ́ọ̀tì ilẹ̀ lọ́pọ̀ ibi nílẹ̀ wa, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 ni. Bí kòtò kan bá ṣì í ní ìdí òdo yẹn, 58 ni yóò jáde lórí ìwé, ẹ̀rọ ò ní ké, iná pupa ò ní tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, mo gbà, kọ̀ǹpútà á kàn di, tàbí kó kú fin-ín, tí ìwọ náà á sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan tí kò bá kú ńkọ́? Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lè dà lọ́dún 2025, tí ìjọba fi ní konílé-ó-gbélé. Mi ò dá sí ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ń'bẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ kì í ṣe nǹkan kékeré ládùúgbò yẹn. Ará Ìfọ́n tó mọ aṣọ funfun òrìṣà mọ bí ẹ̀kán epo kan ṣe ń hàn lára àlà. Ti inú kọ̀ǹpútà kì í hàn.

Ẹ má pè é ní àlọ́. Lọ́jọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2003, wọ́n dìbò ní Schaerbeek, lágbègbè Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Kọ̀ǹpútà bu ìbò 4,096 kún ti olùdíje kan. Torí pé ìbò náà ju ohun tó ṣeé ṣe lọ ni àṣírí fi tú. Ẹ mú méjì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìgbà 11, 4,096 lẹ ó bá. Kòtò kan ṣoṣo ló yí padà látòdo sí oókan, bẹ́ẹ̀ làwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò gbà pé ó ṣe ṣẹlẹ̀, torí wọn ò rí àṣìṣe kankan nínú ètò ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ tiwọn kì í sì í ṣe ti àsápajúdé. Nítorí irú èyí làwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ pàtàkì fi ń lo RAM ECC, tó ń fi kòtò 8 ṣọ́ 64, kó lè tún àṣìṣe ẹyọ kan ṣe lójú ẹsẹ̀. Tìrẹ ò ní ẹ̀ṣọ́ kankan.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi: fi 3200 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tó ń mú ẹ̀rọ ẹ wọ́ ni pé àtẹ ti kún. Fídíò òde kan lè gba gbogbo GB 8, èyí tó bá kù ẹ̀rọ á máa sáré lọ kó o sí àká, á tún máa sáré lọ mú un wá. Tu owó jọ díẹ̀díẹ̀, kí o ra GB 8 mìíràn tó bá ti àkọ́kọ́ mu, kí wọ́n fi wọ́n sí ihò tó yẹ. Àtẹ á di ìlọ́po méjì, títì ọlọ́nà kan náà á sì di ọlọ́nà méjì. Bí èmi bá ní láti yan ọ̀kan, èyí dára ju 3800 lọ dáadáa. Àwọn tó ń lo tòkunbọ̀ OptiPlex àti irú wọn kò tiẹ̀ nílò àríyànjiyàn yìí: BIOS wọn kì í sábà fàyè gba àrà bẹ́ẹ̀. Bí o bá sì ki RAM 3200 bọ inú èyí tó lo i5 ìran kẹfà, 2133 náà ló máa sá.

Bó bá ti wọlé tán, fi MemTest86 sórí fúláàṣì, kí o dán an wò ní odindi ìgbà mẹ́rin. Má ṣe é lóru ọyẹ́. Ọ̀sán oṣù Kẹta ni kí o ṣe é, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù gbóná bí ààrò, kí jẹnẹrétọ̀ sì wà nítòsí, torí bí iná bá lọ, o ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Àṣìṣe kan péré tó bá yọ, má fi tẹ ìwé ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìwé ilẹ̀, má kọ 50 nìkan mọ́. Kọ «àádọ́ta» sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kòtò kan ò lè sọ àádọ́ta di méjìdínlọ́gọ́ta. Kí o tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ka gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ sókè sí etígbọ̀ọ́ ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà.