Àmì Ohùn àti Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀bi Ta Ni?

Ẹ̀yin ará, ní ìdánwò sáà tí ó kọjá, àwa ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni wa ṣàlàyé ìlò igbà. Igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ ni a ń wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ ìwé ìbéèrè kò fi àmì sí i; “igba” lásán ni ó jáde. Ẹnì kan kọ nípa igbá tí a fi ń bu omi, ẹlòmíràn kọ nípa ìgbá tí a ń jẹ, ẹ̀kẹta tilẹ̀ ka igba owó fún wa! Báwo ni a ó ṣe fún wọn ní òdo? Ohun tí a kọ ni wọ́n dáhùn. Nígbà tí a béèrè, akọ̀wé náà ní kọ̀ǹpútà kò gba àmì Yorùbá.

Àwa kò gbà. Ní Mọ́níyà wa níbí ni ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí a fi sọrí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà. Ní ọdún 2021 ni a ṣí i, ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà ni ó sì kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a ro ti èdè àwọn àlejò wọ̀nyí. Wọn kò ní a, b, d bí tiwa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Síbẹ̀, ní 1980, ìjọba wọn gbé ìlànà kan jáde tí ó fún 6,763 nínú àmì náà ní nọ́ńbà, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ wọ́n. Bọ́tìnì wọn kò sì ju tiwa lọ. Wọn a tẹ “ma” ní lẹ́tà Òyìnbó, ẹ̀rọ a to gbogbo àmì tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì ṣa èyí tí wọ́n ń fẹ́. Lórí Linux, tí a lè gbé sínú kọ̀ǹpútà láì san kọ́bọ̀, ètò tí ń jẹ́ IBus wà tí ń bá wọn ṣe é.

Lẹ́tà tiwa kò ju 25 lọ. Linux kan náà ní àtẹ bọ́tìnì Yorùbá nínú! Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Keyboard, ẹ wá Yoruba, ẹ fi í kún un.

A kò sẹ́ pé ìṣòro díẹ̀ wà. Nínú ìlànà Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé wọn lórí, bí irú lẹ́tà tí a lò kò bá sì dára, àmì a yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá lo Noto tàbí Gentium kò ní rí èyí, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì.

Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Òjé ni a fi ń to lẹ́tà ní ayé ìgbà náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́. Wọn kò ní òjé kò gba àmì.

Nítorí náà, láti sáà tí ń bọ̀, àwa kò ní fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè Yorùbá kankan tí kò ní àmì. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Akínyẹlé àti Lágelú, ẹ dá irú rẹ̀ padà fún ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá sì mọ bí a ti ń fi àtẹ náà kún kọ̀ǹpútà, kí ó gbé tirẹ̀ tọ̀ wá wá ní ọjọ́ Sátidé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.