Ẹ Má Jẹ́ Kí Àgbàlá Parẹ́ ní Èkó

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìbéèrè wa sí gbogbo onílé Sùúrùlérè, Yábà àti Múṣin nìyí: irú ilé wo ni àwọn ọmọ wa yóò wò kí wọ́n tó sọ ọmọ tiwọn lórúkọ?

Agbo ilé Yorùbá kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan. Inú àgbàlá ni baálé ti ń parí ìjà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń pàlọ́. Ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó ti ń wẹsẹ̀ kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó bá wó agbo ilé, àṣà ni ó wó.

Sùúrùlérè mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Ní 1955 ni ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe, èyí tí a mọ̀ sí LEDB, gbé ètò kalẹ̀ láti wó ilé lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí ékà 70 ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹbí wá sí Sùúrùlérè. A kò jiyàn pé èrò ti pọ̀ jù nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n tọkọtaya àti ọmọ wọn ni a fi wọn ilé tuntun náà. Kò sí àyè fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti bàbá àgbà. Ẹbí tí ń gbé àgbàlá kan ṣoṣo wá di ẹni tí ń wọkọ̀ kí wọ́n tó fojú kan ara wọn.

A kò sì kọ́gbọ́n. Ní 2016 ni a wó Ilojo Bar, ilé tí ìjọba ti kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni.

Ẹ wo Koutammakou, ní ìhà àríwá Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Àwọn Batammariba ibẹ̀ ṣì ń fi amọ̀ mọ ilé bí ti àwọn baba wọn: ọkùnrin ń mọ ọ́n, obìnrin ń rẹ́ ẹ. UNESCO kọ ilẹ̀ wọn ní Tógò sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2004, ó sì fi apá ti Bẹ̀nẹ̀ kún un ní 2023. Kì í ṣe ilé àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣọ́. Wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ tí ń mọ ilé náà kú.

Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí ilé koríko. Símẹ́ǹtì dára, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dára. Ohun mẹ́ta péré ni a ń bèèrè. Kí ẹni tí ó fẹ́ wó ilé bàbá rẹ̀ fi àyè àgbàlá sínú ilé tuntun. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, má ka àgbàlá sí ilẹ̀ tí ó ṣòfò. Kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yábà, tí a dá sílẹ̀ ní 1947, rán àwọn ọ̀dọ́ lọ wọn àwọn agbo ilé tí ó kù, kí wọ́n yà wọ́n sínú ìwé kí katapílà tó dé.

Bí a bá ń kọ́ ilé tí kò ní àyè fún ìyá wa, kí ó má ṣe yà wá lẹ́nu bí ọmọ wa kò bá ní àyè fún wa.