Ẹ Fi Mítà Wò Ó Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Rẹ̀: Lẹ́tà sí Àwọn Ọ̀gá Mẹkáníìkì àti Riwáyà Kétu, Ìkòsì àti Mile 12

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo mọ̀ pé láìsí yín, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó ata àti tòmátì ní Mile 12 nílùú Èkó, tó ń kó ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ní ọjà èso Ìkòsì, ì bá ti di òkú irin lẹ́bàá ọ̀nà. Nítorí náà, n kò wá pẹ̀gàn iṣẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ aago eré, ìyẹn sípídómítà, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, àti ohun tí ẹ ń ṣe sí i nígbà tó bá kú.

Lọ́dún tó kọjá, bí mo ṣe ń bọ̀ láti Alápẹ́rẹ̀, ọwọ́ aago eré ọkọ̀ mi àtijọ́ wálẹ̀ sórí òdo, kò sì dìde mọ́. Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá yọjú wo dáṣíbọ́ọ̀dù láti ojú fèrèsé, ó ní, "Odidi aago ló bàjẹ́, ẹ lọ ra tòkunbọ̀." Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò yọ fíúsì kan ṣoṣo wò. Mo rà á, wọ́n dè é, ọwọ́ kò gbéra. Wọ́n ní brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni, mo tún ra ìyẹn, ọwọ́ kò gbéra. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí bàbá riwáyà kan tó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà tòun ti mítà tí wọ́n fi ń wo iná lọ́wọ́, tó sì rí waya kan tó ti já lẹ́nu sẹ́ńsọ̀ ara gíà. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi so ó.

Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Ó sì ń dùn mí, nítorí aago eré kì í kú láìfi ibi tó ti kú hàn.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́ gan-an, kébù kan ló ti ara gíà wá sẹ́yìn aago. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni kébù ń yí, òun ló ń yí mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó wà nínú ife alumíníọ̀mù. Mágnẹ́ẹ̀tì ń wọ́ ife náà tẹ̀lé ara rẹ̀, sípíríǹgì tín-ín-rín kan ń fà á padà. Ibi tí méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ aago ń dúró sí. Ará Jámánì kan, Otto Schulze, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí lọ́dún 1902. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí nǹkan sì ń ké lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ fura sí kébù tó gbẹ tàbí tó kákò. Bí ọwọ́ bá kú, tí nọ́ńbà tó ń ka ìrìn náà sì dúró, ẹ wo kébù àti eyín ike tó ń yí i. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá ṣì ń kà, tí ọwọ́ nìkan kú, kébù kò jẹ̀bi; inú aago ni kí ẹ wò.

Ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn ìyẹn ń lo sẹ́ńsọ̀ àti waya. Bí aago epo àti aago ooru ẹ́ńjìnnì bá kú pẹ̀lú aago eré, ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì àti earth. Bí aago eré nìkan ló kú, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ara gíà. Waya mẹ́ta ló sábà máa ń wà lẹ́nu sẹ́ńsọ̀ náà: ọ̀kan ń gbé iná wá, ọ̀kan jẹ́ earth, ìkẹta ń gbé àmì lọ. Bó bá jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan ṣoṣo, ẹ fi gíà sí neutral, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ fi mítà kan waya àmì, kí ẹ fọwọ́ yí táyà náà. Mítà gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò. Bí àmì yẹn bá dé ẹ̀yìn aago tí ọwọ́ kò sì gbéra, ìgbà yẹn la tó lè dá aago lẹ́bi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ scan, bó bá gbé nọ́ńbà P0500 jáde, ohun tó ń sọ ni pé àmì eré kò wọlé bó ṣe yẹ. Kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Waya tó já lè gbé nọ́ńbà kan náà jáde.

Aago tòkunbọ̀ tún ní ewu tirẹ̀. Ìrìn ọkọ̀ ẹlòmíràn ló wà lójú rẹ̀, nítorí náà olówó ọkọ̀ kò ní mọ ìgbà tí ọ́ìlì tó pààrọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́la, irọ́ ni yóò kà. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń fi máìlì kà, 60 rẹ̀ sì sún mọ́ kìlómítà 97.

Bí aago eré bá kú, mo ti gbọ́ ọ títí lẹ́nu yín: "Ó ṣáà ń lọ." Ṣùgbọ́n láìsí aago, a kò mọ eré tí a ń sá. Láàárín ìlú, kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin ìrìnnà gbà wá láyè. Ní eré yẹn, ọkọ̀ ń jẹ mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá di 100, ó di mítà 28. Ẹni tó ń sọdá ní Mile 12 pẹ̀lú agbọ̀n lórí kò lè sá fún mítà 28. Bákan náà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígíà-fúnra-rẹ̀, àmì eré tó ń lọ sí aago yìí náà ni gíà ń lò láti mọ ìgbà tó yẹ kó yí padà. Bó bá sọnù, gíà á máa já, wọ́n á sì ní kí olówó ọkọ̀ lọ ra gíà.

Àwa oníbàárà náà lẹ́bi. À ń sanwó ẹ̀yà ọkọ̀, a kì í fẹ́ sanwó ọgbọ́n. À ń kánjú, ẹ̀yin náà sì ń bá wa kánjú. Nítorí náà, ẹ dá owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀, kí ẹ sọ ọ́ fún wa ní gbangba. Èmi á san án. Kí ẹ fi ohun tí mítà sọ hàn wá kí ẹ tó rán wa lọ sọ́jà, kí ẹ sì dá ògbólógbòó ẹ̀yà tí ẹ bá yọ padà fún wa.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi kan àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, nítorí ohun tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ yín ni wọn yóò gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Kí ọmọ kan tó ṣe fúrídọ̀mù, kí ọ̀gá rẹ̀ já waya aago eré kan ní ìkọ̀kọ̀, kí ó gbé mítà lé e lọ́wọ́. Bó bá wá a rí láìra ohunkóhun, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ fún un ní ìwé rẹ̀.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìkòsì-Kétu.