Ojú Ibi Tí Ilẹ̀ Ti Sán àti Òfin Ilé Kíkọ́

Èèpo ilẹ̀ ayé kì í ṣe odidi kan. Ó pín sí ègé ńláńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ègé méjì bá ti há mọ́ra, agbára á máa kó jọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi já lójijì, tí ilẹ̀ á sì mì tìtì. Irú ojú sísán bẹ́ẹ̀ wà ní Ṣílè, Jàpáánì, Kalifọ́níà, Hàítì àti Tọ́kì. Ewu wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ bí ilẹ̀ ṣe mì tó ló ń fa ìyàtọ̀ náà.

Ọdún 2010 jẹ́rìí sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ilẹ̀ mì ní Hàítì ní ìwọ̀n 7.0, ìjọba ibẹ̀ sì ní àwọn tó kú lé ní 200,000. Ní ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé, ó kan Ṣílè ní ìwọ̀n 8.8. Agbára tó tú jáde níbẹ̀ tó ìlọ́po 500 ti Hàítì, síbẹ̀ nǹkan bí 525 èèyàn ló kú, tòun ti àwọn tí omi òkun gbé lọ. Lóòótọ́, ti Hàítì kò jìn sílẹ̀, ó sì súnmọ́ Port-au-Prince, olú ìlú wọn, pẹ́kípẹ́kí, nígbà tí ti Ṣílè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkun. Ìyẹn nìkan kò tó fi ṣàlàyé òkú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, Hàítì kò ní òfin ilé kíkọ́ tó múlẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ṣílè, tí ilẹ̀ rẹ̀ ti mì dé 9.5 ní 1960, èyí tó ga jù lọ tí wọ́n tíì wọ̀n láyé, ní òfin tó le. Bí òpó ilé bá ní àbùkù, ẹni tó kọ́kọ́ tà á ni yóò dáhùn fún un fún ọdún 10.

Ní Jàpáánì náà, ọ̀pọ̀ ilé tó wó nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kobe ní 1995 ni wọ́n ti kọ́ ṣáájú òfin ilé kíkọ́ tuntun ti 1981.

Ti Tọ́kì ló dunni jù, nítorí òfin wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìmìtìtì Izmit tó pa èèyàn tó lé ní 17,000 ní 1999, wọ́n ṣòfin àyẹ̀wò ilé. Àmọ́ ní 2018, ìjọba gbé ètò àforíjì jáde: ẹni tó kọ́lé láìgbàṣẹ, tàbí tó fi àjà kún ohun tí pláànì gbà, kàn sanwó, ó sì gbàwé. Kò sí ẹni tó ní láti wá wo òpó ilé náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé 2023, ojú sísán Ìlà-Oòrùn Anatolia já ní ìwọ̀n 7.8, òmíràn tó jẹ́ 7.5 sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó kú ní Tọ́kì nìkan lé ní 53,000.

Ohun tó ń wó irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àdììtú. Nínú òpó, òrùka irin ló ń gbá àwọn ọ̀pá irin jọ. Bí àwọn òrùka bá jìnnà síra, tí wọn kò sì tẹ ẹnu wọn wọnú kọnkéré, wọ́n á ṣí nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì, ọ̀pá á wọ́, òpó á fọ́, àjà òkè á sì já lé ti ìsàlẹ̀. Ó tún burú sí i níbi tí wọ́n ti yọ ògiri ìsàlẹ̀ kúrò kí ọjà ṣọ́ọ̀bù lè hàn síta. Ní Erzin, ìlú kékeré kan ní agbègbè Hatay tó bàjẹ́ jù, wọ́n ròyìn pé ilé kankan kò wó. Ilẹ̀ tó le ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ olórí ìlú náà ní àwọn kò gba ilé àìgbàṣẹ láàyè.

Ewu náà kò tíì tán ní Tọ́kì. Láti 1939 ni ojú sísán míì níbẹ̀, ti Àríwá Anatolia, ti ń já ní ègé-ègé lọ sí ìwọ̀-oòrùn, láti Erzincan dé Izmit. Apá tó wà lábẹ́ òkun Marmara, lẹ́bàá Istanbul tó ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 15, kò tíì já tán láti 1766. Ìmìtìtì 6.2 tó wáyé níbẹ̀ ní oṣù Igbe 2025 kéré sí agbára tó ṣì kó jọ síbẹ̀.

Nítorí náà, kí òfin fi òpin sí àforíjì fún ilé àìgbàṣẹ ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lórí irú ilẹ̀ yìí. Kí ẹni tó ń yẹ ilé wò má ṣe gbowó lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé. Kí wọ́n sì fún òpó ilé àtijọ́ lágbára. Los Angeles ní Kalifọ́níà pàṣẹ èyí ní 2015, àmọ́ ọdún 25 tí wọ́n fún àwọn tó ni ilé kọnkéré ti pẹ́ jù. Ìjọba ló yẹ kó yá onílé lówó iṣẹ́ náà, torí àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sábà lówó lọ́wọ́.